Ẹ Bi Àǹtí Ayàwòrán: Àwòrán Ojú Ìsọ̀ Géèmù

Lóṣù tó kọjá, gbólóhùn kan péré ni mo fi mẹ́nu ba àwòrán kékeré tí àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń fi síwájú ọjà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ̀ pé ilé agbọ́n ni mo tọwọ́ bọ̀. Lẹ́tà tó wọlé pọ̀ débi pé òun nìkan la máa sọ lóṣù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa káàdì ìgbéyàwó àti báńà ìsìnkú, ẹ fọwọ́ wọ́nú, ó di oṣù tó ń bọ̀.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Ọdún méjì ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi ṣe géèmù kan nípa kọ̀ńdọ́ dáńfó. O máa gbowó lọ́wọ́ èrò, o máa fún wọn ní ṣéńjì tó pé kí wọ́n tó dé bọ́sítọ́ọ̀pù wọn. Bí o bá ṣì í, ìjà dé nìyẹn. Àwọn tó ti gbá a wò kì í fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, a rí i nínú àkọsílẹ̀ wa pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí àwòrán rẹ̀ tí wọ́n sì ń kọjá lọ, ìba díẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ síi yín. Kí la ṣe tí kò dáa? — Oníṣéńjì, Abẹ́òkúta*

Àbúrò mi, mo rí àwòrán yín, mo sì kọ́kọ́ kan sáárá sí ẹni tó yà á. Dáńfó wà níbẹ̀, afárá wà níbẹ̀, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn afárá. Mo ka èèyàn méjìlá: ìyá aláta tó gbé agbọ̀n rù, ọmọ iléèwé, ṣọ́jà, pásítọ̀ tó fi Bíbélì há abíyá, àti àwọn yòókù. Orúkọ géèmù náà, odindi ọ̀rọ̀ márùn-ún, lẹ fi lẹ́tà góòlù tín-ín-rín kọ sójú ọ̀run tó ti pọ́n. Bí mo ṣe fẹ̀ ẹ́ sójú kọ̀ǹpútà mi, ó dùn ún wò. Mo wá dín in kù títí ó fi tó bó ṣe máa ń rí nígbà tí èèyàn bá ń wá nǹkan lórí Steam, tí kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ. Àwọn èèyàn méjìlá yẹn di ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Lẹ́tà góòlù rì sínú ọ̀run pupa, a ò rí i mọ́. Mo pe ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí ló rí. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ọjà ni àbí ilé tó ń jó?"

Bàbá mi ló fi ojú yìí lé mi lọ́wọ́. Ó kọ pátákó ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún: ti fọgánáísà, ti onígbàjámọ̀, ti ata lílọ̀. Bó bá parí ọ̀kan, á ní kí n sọdá títì, kí n dúró lọ́hùn-ún, kí n kà á sókè. Títì yẹn kì í sinmi. Bí mi ò bá tíì kà á tán kí mọ́tò tó gba iwájú mi kọjá, á mú àkísà tó ti rẹ sínú kẹrosíìnì, á nù ún kúrò. Ó máa ń dùn mí wọra, torí èmi ni mo ń kun ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kò yé mi nígbà náà pé oníbàárà kì í dúró kàwé lójú títì. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò yí ojú ìwé Steam lọ sókè tún yára ju mọ́tò lọ.

Kíkéré àwòrán yín kọ́ ló ká mi lára jù. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kó síbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó sọ fún mi pé ṣéńjì niṣẹ́ mi. Mo rí dáńfó, mo rò pé mo máa wa mọ́tò ni. Ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò á tẹ̀ ẹ́, á rí i pé kò sí sítíárìn, á jáde. Ẹni tó fẹ́ràn eré tó ń jẹ́ kí orí gbóná, tó ń fi ìṣirò sáré, tó sì jẹ́ pé tirẹ̀ gan-an lẹ ṣe, á kọjá láìmọ̀.

Ṣé ẹ ti wo ọwọ́ kọ̀ńdọ́ dáadáa rí? Ẹ lọ wò ó lọ́la. Wọ́n máa ń ká owó náírà ní gígùn, wọ́n á fi há àárín ìka, igba níbí, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́hùn-ún, kí àtàǹpàkò lè fa èyí tó bá fẹ́ yọ láìjẹ́ pé ojú wò ó. Ọwọ́ yẹn ni géèmù yín. Ẹ jẹ́ kó nà án sí ẹni tó ń wò ó, kí ọwọ́ gba bí ìdajì àwòrán, pẹ̀lú owó láàárín ìka. Ojú kọ̀ńdọ́ lókè ọwọ́, kó la ẹnu sílẹ̀, bí ẹni tó ti gbàgbé ta ló fún òun ní ẹgbẹ̀rún náírà. Ẹ̀yìn rẹ̀, ara dáńfó nìkan tó: àwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú ilà dúdú. Ẹni tó bá ti dé Èkó lẹ́ẹ̀kan mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò débẹ̀ rí á ṣáà rí àwọ̀ tó ta yọ, torí ojú ìwé Steam fúnra rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwòrán tí etí rẹ̀ bá dúdú máa ń wọnú aró yẹn lọ ni.

Mo mọ ibi tí èèyàn méjìlá ti wá. Èmi náà ya pósítà fíìmù àgbéléwò fún ọdún mẹ́jọ. Bí o kò bá kó orí òṣèré mẹ́wàá síbẹ̀, àwọn tó ń tà á n'Ídùmọ̀tà á bi ọ́ pé ta ló wá ṣe eré ọ̀hún. Ó sì tọ́ fún fíìmù, torí orí tí a mọ̀ ló ń tà á. Ta ló mọ ìyá aláta yín ní Jámánì?

Ní ti orúkọ, ẹ má yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ méjì tó wúwo jù ṣe ńlá, kí mẹ́ta yòókù wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tó nípọn, funfun, pẹ̀lú etí dúdú yíká. Góòlù dára lára aṣọ òfì.

Bí ẹ bá ti ya tuntun, ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé "Ṣé ó dáa?" Gbogbo wa la máa ní ó dáa, kó má bàa bí ọmọ ọlọ́mọ nínú. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé Steam níbi tí wọ́n to géèmù bíi tiyín sí, ẹ lẹ tiyín mọ́ àárín wọn, ẹ fi han ẹnì kan bí ìgbà tó ṣẹ́jú, kí ẹ gba fóònù padà, kí ẹ ní: "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?" Ìyá aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni mo máa ń bi. Kò gbá géèmù rí láyé rẹ̀, òun ló sì tún iṣẹ́ mi ṣe jù. Lẹ́yìn náà, àwòrán nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan iye owó, ẹ má kọ àlàyé tuntun, kí ẹ lè mọ̀ pé òun ló fa ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí nínú iye àwọn tó tẹ̀ ẹ́.

*Ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n wo ni kí n fi yà á? Oníkálukú ń sọ tirẹ̀. — Ayàwòrán tuntun, Ìlọrin*

Steam ló béèrè jù. Èyí tó wà lókè ojú ìwé géèmù jẹ́ píksẹ́lì (àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán) 920 lọ́nà 430. Kékeré tó ń jáde nínú ìwákiri àti lórí àtẹ jẹ́ 462 lọ́nà 174. Ńlá ti iwájú ilé ìtajà jẹ́ 1232 lọ́nà 706, èyí tó dúró gbọọrọ sì jẹ́ 748 lọ́nà 896. Ti inú àpótí ẹni tó ti rà á, 600 lọ́nà 900. Àwòrán fífẹ̀ tó máa ń wà lókè níbẹ̀ jẹ́ 3840 lọ́nà 1240, wọn ò sì gbà kí ọ̀rọ̀ kankan wà lójú rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, 460 lọ́nà 215 ni wọ́n ń gbà fún ti àkọ́kọ́ yẹn, nítorí náà, bó o bá rí ìwọ̀n tó jẹ́ ìdajì tèmi níbì kan, ẹni tó kọ ọ́ kò parọ́, ó ti pẹ́ ni.

itch.io, ilé ìtajà géèmù mìíràn, rọrùn: 630 lọ́nà 500. Lórí Play Store, ilé ìtajà Google fún fóònù, áíkọ́ọ̀nù (àwòrán kékeré tí wọ́n ń tẹ̀) jẹ́ 512 lọ́nà 512, Google fúnra rẹ̀ ló sì máa gé igun rẹ̀ róbótó, má gé e fún un. Èyí tó fẹ̀ jẹ́ 1024 lọ́nà 500. Bó o bá fi fídíò sí i, bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ láti wò ó máa jókòó sí àárín gbùngbùn rẹ̀, nítorí náà má fi ojú ẹni tó ṣe pàtàkì síbẹ̀. Mo ti rí jagunjagun tí bọ́tìnnì di imú rẹ̀ pa.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú lọ ni pé má fi àwòrán kan ṣoṣo na gbogbo wọn. Ya èèyàn lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, orúkọ lọ́tọ̀, kó o lè máa tò wọ́n bí ilẹ̀ bá ṣe rí. Nínú 462 lọ́nà 174, orúkọ ló yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ilẹ̀, kí ojú tàbí ọwọ́ yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni kó o kọ́kọ́ yà. Ọ̀pọ̀ máa ń ti orí ńlá bọ̀ sí kékeré, tó fi jẹ́ pé ó ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé èyí tí ayé máa rí jù.

*Géèmù wa gba ẹ̀bùn níbi ìdíje kan. Mo fẹ́ fi àmì ẹ̀bùn náà sí igun àwòrán, kí n sì kọ "ÌDÁJÌ OWÓ" sí i nígbà tá a bá ń ta ẹ̀dínwó. — Olóríire, Àkúrẹ́*

Ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n Steam ò gbà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwòrán géèmù, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ kejì tó bá ní nìkan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ìràwọ̀, kò sí máàkì tí ìwé ìròyìn fún un, kò sí ẹ̀bùn, kò sí ẹ̀dínwó. Inú mi dùn sí òfin náà, kí n má purọ́; igun àwọn àwòrán kan ti fẹ́ dà bí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ kọ ẹ̀bùn yín sínú àlàyé ojú ìwé, níbi tí ẹni tó ti wọlé á ti kà á. Bí ẹ bá ṣe àtúnṣe ńlá sí géèmù náà, wọ́n gbà kí ẹ fi àwòrán tó dárúkọ àtúnṣe náà rọ́pò fún ìgbà díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju oṣù kan lọ. Play Store náà kò fẹ́ "Ọ̀FẸ́" tàbí "NỌ́ŃBÀ KÌÍNÍ" lójú áíkọ́ọ̀nù.

*Ẹni tó ń bá wa yàwòrán mọ iṣẹ́ ju bí géèmù wa ṣe rí lọ. Ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn nìyẹn? — Ẹlẹ́rìí ọkàn, Ṣàgámù*

Kì í ṣe ẹ̀tàn kí àwòrán ìta lẹ́wà ju ti inú lọ. Géèmù tí ti inú rẹ̀ jẹ́ àmì onígun mẹ́rin kéékèèké pọ̀ tó jẹ́ pé wọ́n fi ọ̀dà kun ìta rẹ̀ dáadáa, kò sì sẹ́ni tó bínú. Ìbínú máa ń wá nígbà tí ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ bá yàtọ̀.

Mo ṣe é rí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ gbé géèmù oko ẹ̀gẹ́ wá. Jẹ́jẹ́ ni géèmù náà: o gbin ẹ̀gẹ́, o rin ín, o yan gàrí, òjò ń rọ̀ sórí páànù. Èmi fẹ́ fi hàn pé ọwọ́ mi mú. Mo ya ọkùnrin kan tó ju àdá sókè, ojú rẹ̀ pọ́n, mànàmáná ń kọ lẹ́yìn rẹ̀, èéfín ilẹ̀ ń rú. Kí la ò níí rí! Àwọn èèyàn tẹ̀ ẹ́ bí eṣú. Wọ́n rà á, wọ́n wọ inú oko, wọ́n ń retí ọ̀tá. Ọ̀tá ò dé, ẹ̀gẹ́ ló ń hù. Steam sì máa ń dá owó padà bí o kò bá tíì gbá géèmù náà tó wákàtí méjì, tí ọjọ́ tó o rà á kò sì ju mẹ́rìnlá lọ. Owó ń wọlé láàárọ̀, ó ń jáde lálẹ́. Àwọn tí kò gba owó wọn padà fi èébú sílẹ̀ lójú ìwé, èébú yẹn ò sì lọ mọ́.

Oníbàárà mi ò bínú sí mi, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Mo tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́: agbada gàrí lórí iná nírọ̀lẹ́, ọwọ́ tó di ìlàjì igbá mú, ó ń yí i, òjò lẹ́yìn páànù. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ dín kù. Àwọn tó ń rà á kò dá a padà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán yín lo gbogbo ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kó gbá géèmù náà fún ìrọ̀lẹ́ kan ná. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé orúkọ àti ìlérí owó ni wọ́n fi ránṣẹ́ síi wa, a ò mọ ohun tó wà nínú ìkòkò.

*Mo ti san $100 tí Steam ń gbà kí géèmù tó wọ ọjà wọn, kò ku kọ́bọ̀. Ṣé kí n lo AI, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán fúnra rẹ̀, láti fi ya àwòrán náà? — Àpò gbẹ, Òṣogbo*

Steam máa dá $100 yẹn padà fún ọ bí géèmù náà bá ti pa $1,000, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣe ohunkóhun fún ọ lónìí, mo mọ̀.

Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni Steam ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá o lo AI, wọ́n á sì gbé ohun tó o bá sọ sójú ìwé géèmù rẹ kí oníbàárà rí i. Àwọn kan á kà á, wọ́n á sì yí ẹ̀yìn padà. Bó o bá lò ó, má ṣe pa á mọ́.

Tèmi rèé. Ọmọkùnrin kan gbé irú rẹ̀ wá fún mi kí n bá a tún un ṣe. Onílù ni, ó fi gángan kọ́ èjìká, ó lẹ́wà láti òkèèrè. Mo sún mọ́ ọn: ọsán gángan dé agbedeméjì, ó pòórá sínú agbádá. Kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ tọ́ bí pákò. Ilà ojú rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta lápá òsì, mẹ́rin lápá ọ̀tún. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí i tí kò ní rẹ́rìn-ín? Àtúnṣe rẹ̀ gbà mí lákòókò ju kí n ya tuntun lọ.

Bí owó bá kéré, mú ìwé àti pẹ́ńsùlù. Ya àpótí mẹ́wàá tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kó o fi èrò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọwọ́, ojú, irinṣẹ́, ilẹ̀kùn, ohunkóhun. Èyí tó bá ṣì hàn bó o bá gbé e jìnnà, mú un tọ ayàwòrán lọ. Àwòrán kan ṣoṣo ni kó o sanwó fún, kó fún ọ ní gbogbo rẹ̀ ní lẹ́yà lẹ́yà, ìyẹn èèyàn, ẹ̀yìn àti orúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìwọ fúnra rẹ máa tò ó sí ìwọ̀n yòókù. Ẹni tó gbé èrò tó ti ṣe kedere wá, owó tí mo ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń kéré, torí mi ò ní yà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

*Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Ọmọ mi ń ṣe géèmù kan tó ń jẹ́ Ọ̀kọ̀. Ó ti yọ gbogbo àmì kúrò lórí orúkọ náà, ó ní wọ́n ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. A ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìjẹrin. — Bàbá Oníwèé, Ọ̀yọ́*

Ẹ kú ilé, Olùkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kí ẹ tó ka èyí tán.

Ẹ̀yin lẹ jàre. Láìsí àmì, ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀kọ̀ ogun ni, tàbí ọkọ̀ ojú omi, tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko, tàbí ọkọ ìyàwó? Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ọmọ yín náà kì í ṣe àìgbọ́ràn. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ àti ọ wà ní odindi, é àti ò náà wà ní odindi. Ọ̀ tó ní àmì lókè tó tún ní lábẹ́ kò ní odindi tirẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n á wá gbé àmì lé e lórí. Àwọn fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, aláràbarà tí wọ́n máa ń fi kọ orúkọ géèmù kò mọ̀ wá, wọ́n á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fìlà tó fẹ́ jábọ́, tàbí kí lẹ́tà kan ti inú fọ́ǹtì mìíràn wá jókòó láàárín. Ohun tó rí nìyẹn tó ní ó ń ba ẹwà jẹ́.

Kó má fi fọ́ǹtì kọ ọ́ rárá. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni, kó fọwọ́ yà á. Kí àmì abẹ́ lẹ́tà nípọn tó ara lẹ́tà fúnra rẹ̀, torí àmì tó bá kéré á parẹ́ nínú àwòrán kékeré Steam, 462 lọ́nà 174. Ẹ rántí pé àwọn ìwé àtijọ́ tí ẹ fi kọ́ wa máa ń fi ilà kúkúrú sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó. Ilà yẹn máa ń dúró dáadáa nínú àwòrán kékeré. Kó sì fi orí ọ̀kọ̀ méjì ṣe àmì ohùn méjèèjì, kí wọ́n dojú kọlẹ̀ bí àmì ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń lọ. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rí ohun ìjà, ẹ̀yin á rí dò-dò.

Kí ó wá orúkọ náà nínú ilé ìtajà tó fẹ́ gbé e sí, láìfi àmì sí i, kó rí i bóyá ó jáde. Bí kò bá jáde, kó kọ ọ̀nà méjèèjì sínú àlàyé.

Bó bá ti yà á tán, ẹ fi ránṣẹ́ síi mi. Ìyá aránṣọ ń dúró.